Ta ló ń tọ́jú iná àdáni? Ọjà ìtọ́jú jẹnẹrétọ̀, ínfátà àti bátìrì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní ọ̀pọ̀ ilé àti ilé ìtajà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lónìí, iná tí wọ́n ní kó máa dúró de ìgbà tí iná ìjọba bá lọ ti di olórí iná. Ilé tó ń rí iná IBEDC, ilé-iṣẹ́ apínná, fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, tó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì gbé wákàtí mẹ́rìndínlógún tó kù, kò lè pe ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ní ìrànlọ́wọ́ mọ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà náwó lé wọn lórí kò tíì yí padà. Wọ́n ń rà wọ́n, wọ́n ń lò wọ́n títí wọn yóò fi dákẹ́, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò jí wọn. Láàárín rírà àti dídákẹ́ yẹn ni ọjà kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sójú: ọjà àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ iná kó tó bàjẹ́ àti àwọn tó ń tún un ṣe nígbà tó bá ti bàjẹ́. Owó tó wà nídìí àtúnṣe pọ̀, èyí tó wà nídìí ìtọ́jú kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ nídìí ìtọ́jú gan-an ni oníbàárà ì bá ti jèrè jù.

Kì í ṣe òjijì ni ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó dé yìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fa àwọn ilé-iṣẹ́ apínná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2013, abẹ́ IBEDC tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ìlú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é. Ní ọdún 2020, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí márùn-ún: Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, Band B wákàtí 16, Band C wákàtí 12, Band D wákàtí 8, Band E wákàtí 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná Band A fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan, kí wọ́n tó dín in kù sí ₦206.80 ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ìpín yìí jẹ́ fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni pé àdúgbò méjì tí kò jìnnà síra lè ra irú jẹnẹrétọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan sì ti ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po márùn-ún ti èkejì kí oṣù tó parí.

Owó epo ló tún ọ̀rọ̀ náà dà rú. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo bẹntiróòlù tí lítà kan rẹ̀ kò tó ₦200 wọ ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 sì fi máa parí ó ti lé ní ₦1,000. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní ọjà pàṣípààrọ̀ owó, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 sì kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó sì jẹ́ pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ fílítà, AVR (ohun tó ń mú iná jẹnẹrétọ̀ dúró déédéé), bátìrì àti páńẹ́lì sólà ti ń wá, gbogbo páàtì tí oníṣẹ́ bá fẹ́ fi tún ẹ̀rọ ṣe ló gbówó lórí pẹ̀lú epo tí ẹ̀rọ náà ń jẹ.

Ìdí nìyí tí ínfátà àti sólà fi wọ ilé àwọn tí agbára wọn ká a, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ju jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ nù nítorí ìyẹn. Àgbàlá kan náà wá ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, ínfátà àti bátìrì nínú sítóò, páńẹ́lì lórí òrùlé, ó sì ní oníṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ẹnì kan nínú wọn kò mọ iṣẹ́ ẹnì kejì. Àìsàn tó bá wà láàárín méjì nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í ní ẹni tó ni ín. Àpẹẹrẹ kan wọ́pọ̀ gan-an: wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, gílóòbù tí wọ́n so mọ́ ọn tààrà ń tàn, ṣùgbọ́n ínfátà kò gba iná náà wọlé, bátìrì kò sì ṣájì. Oní-jẹnẹrétọ̀ ní ínfátà ló bàjẹ́, oní-ínfátà ní jẹnẹrétọ̀ ni, onílé sì sanwó ọkọ̀ fún àwọn méjèèjì. Bí ẹnì kan bá fi mítà wọ̀n ọ́n, yóò rí i pé 46 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni iná náà ń gbé jáde dípò 50 Hz, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó máa yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,380. Ínfátà tí wọ́n ṣètò kó má gba irú iná bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bóyá fílítà epo ló dí, bóyá ohun tó ń darí ìyára ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ àtúntò. Nínú méjèèjì, ìdajì ọjọ́ kò lè lọ sí i lórí.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á ya àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sọ́tọ̀. Àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìkóríta Ṣàgámù, ní Flowergate lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Abẹ́òkúta àti ní ìhà Ògíjó sábà máa ń ní àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá, tí wọ́n ń rán òṣìṣẹ́ wá láti Èkó lásìkò tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ìwé wà, àkọsílẹ̀ wákàtí wà, páàtì wà ní ìpamọ́, bí ẹ̀rọ bá sì dákẹ́ wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Àwọn tí kò ní irú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: ilé ìtura, gbọ̀ngàn àríyá, ilé ìwòsàn aládàáni, ilé epo, àwọn tó ń ta ẹja dídì ní Òkè-Ajé, ilé ìtẹ̀wé àti ibi ìfọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìlíṣàn, àti ilé àdáni lóríṣiríṣi. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, nọ́ńbà fóònù mẹkáníìkì ni gbogbo àdéhùn tó wà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọjà yìí kò tíì gbà wọlé ni pé wákàtí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí jẹnẹrétọ̀, kì í ṣe oṣù. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, wákàtí 250 ni wọ́n máa ń dá fún pípààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, yóò pé wákàtí yẹn ní oṣù kan. Bó bá jẹ́ wákàtí méjìlá ni, kò ní tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ̀ tó bá sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan fún wákàtí 250 yóò ti rin 12,500 kìlómítà, ìyẹn nǹkan bí ọgọ́ta ìgbà láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó àti padà, kò sì sí awakọ̀ kan tó ní orí pípé tí yóò rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lórí ọ́ìlì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ń sọ pé, “Kò tíì pẹ́ tí a ṣe é.” Àwọn kékeré tó ń lo bẹntiróòlù kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀: ìwé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 20, kí wọ́n sì máa ṣe é ní wákàtí 100-100 lẹ́yìn náà. Ìwé yẹn sábà máa ń bá páálí lọ sórí ààtàn ní ọjọ́ tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ náà.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì pọ̀ ní ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe àríyá. Ẹni tó kọ́ gbọ̀ngàn yóò ra jẹnẹrétọ̀ 100 kVA nítorí ẹ̀rọ amúlétutù gbogbo tí yóò ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, èyí sì tọ́. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń tàn fún gílóòbù ẹnu ọ̀nà, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àti ẹ̀rọ omi. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó bá ń gbé ohun tí kò tó ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kì í gbóná tó, epo inú rẹ̀ kì í jóná tán, èyí tí kò jóná á sì dà pọ̀ mọ́ èéfín di ohun dúdú tó ń yọ̀, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ jáde ní oríkèé sàlẹ́ńsà. Mẹkáníìkì tí kò mọ èyí yóò wo ohun dúdú náà, yóò ní ríìngì ti lọ, yóò sì tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni ìnáwó tó ń dunni jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà, nítorí pé bí wọ́n bá tètè rí i, ìwòsàn rẹ̀ ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ gidi lé ẹ̀rọ náà lórí fún wákàtí díẹ̀ kí ó gbóná dáadáa kó sì sun ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, kí onígbọ̀ngàn sì wá ẹ̀rọ kékeré tàbí ínfátà fún àárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láìnídìí ti dá ọgbẹ́ sí ibi tí ọgbẹ́ kò sí.

Apá kan tún wà tó jẹ́ ti Ìjẹ̀bú gan-an. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣòwò ní Èkó tàbí tó wà lókè òkun kì í ṣaláì kọ́lé sílé, ilé náà sì máa ń ní jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà tó dára ju èyí tó wà nínú ilé tó ń gbé lọ. Maigádì àti bóyá ẹ̀gbọ́n bàbá kan ló ń gbé inú rẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Onílé ń wá fún Iléyá, ó ń dúró de Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, ó tún ń wá fún ìsìnkú àti ọdún Kérésìmesì. Àìṣiṣẹ́ pẹ̀lú ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Bẹntiróòlù tó dúró pẹ́ nínú kabúrétọ̀ ń di ohun tó lẹ̀ mọ́ ihò tí epo ń gbà. Bátìrì tí ẹnikẹ́ni kò ṣájì ń tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀ dé ibi tí iyọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í le mọ́ òjé inú rẹ̀, èyí tó bá sì ti le pẹ́ kò ní tú mọ́. Eku wà pẹ̀lú, tí n kò ní sọ púpọ̀ nípa wọn ju pé wọ́n fẹ́ràn wáyà lọ. Gbogbo èyí ló ń hàn síta lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sẹ̀ tí Iléyá bá ku sí dẹ̀dẹ̀, nígbà tí gbogbo ilé bá ń pe mẹkáníìkì kan náà, tí iye tí wọ́n ń díye lé iṣẹ́ kò sì sí lábẹ́ àríyànjiyàn mọ́.

Nínú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tàn kan máa ń rọrùn. Jẹnẹrétọ̀ tó ti sùn fún oṣù mẹ́wàá lè dáná dáadáa kó máa pariwo bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kí iná má jáde rárá. Nínú irin tó ń yí nínú rẹ̀, agbára òòfà díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́kù tí ẹ̀rọ náà fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná. Bó bá dúró pẹ́ jù, agbára yẹn lè tán. Oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe yóò wá wáyà méjì tó tọ́, yóò fi bátìrì kan wọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, iná yóò sì dé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tàbí tó mọ̀ ọ́n tí kò fẹ́ sọ, yóò ní kọ́ìlì ti jó, yóò gbé e lọ láti lọ tún un lọ́, yóò sì gbé e padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú owó kọ́ìlì tuntun. Onílé tó ti pe àlejò wálé kò ní bi í léèrè ohunkóhun. Maigádì tó bá ń tan ẹ̀rọ náà fún ààbọ̀ wákàtí lóṣù, pẹ̀lú fáànù àti fíríìjì lórí rẹ̀, ì bá ti gba ilé náà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wàhálà wọ̀nyí, iṣẹ́ náà kò sì ju kí ẹnì kan kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Bátìrì ló wá gbẹgẹ́ jù. Púpọ̀ nínú ínfátà tó wà ní ilé ní agbègbè wa ṣì ń lo bátìrì òjé àti áṣíìdì, pàápàá àwọn gíga olómi tí wọ́n ń pè ní tubular, 12 fóòtì (ìyẹn volt), 220 Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́). Ẹni tó bá ṣí ọmọrí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án yóò rí i pé omi ti lọ sílẹ̀ débi pé orí irin òjé ti yọ síta, ó ti funfun, apá tó yọ síta yẹn kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí láé. Lórí ìdè wáyà, ohun kan tó dà bí ìyẹ̀fun, tó ní àwọ̀ ewé àti funfun, ti hù yí ìdè náà ká, ìdè fúnra rẹ̀ sì ń gbóná nígbà tí iná bá ń kọjá. Omi bátìrì, ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, ló yẹ kí wọ́n fi kún un. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ ní ohun tó ń ba òjé jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bu áṣíìdì kún un nítorí pé “kò gbé iná mọ́.” Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi yóò fi nǹkan bíi 12.7 fóòtì hàn lórí mítà. Bó bá ti dé 12.1, ó ti lo nǹkan bí ìdajì, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n máa dá a dúró bí wọ́n bá fẹ́ kó pẹ́. Ooru tún ń jẹ ẹ́: bí ibi tó wà bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná ju ìwọ̀n 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Sítóò tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n tó àpò ìrẹsì àti páálí ọtí yí bátìrì ká nínú rẹ̀, kò yẹ ní ibùgbé rẹ̀, yàtọ̀ sí pé gáàsì tó ń jáde nígbà tó bá ń ṣájì lè gbiná.

Àṣìṣe mìíràn tó ń jẹ owó ni pípààrọ̀ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Nínú ínfátà 48 fóòtì, bátìrì mẹ́rin ló so kọ́ra wọn. Bí ọ̀kan bá kú, oníbàárà á fẹ́ ra ẹyọ kan, oníṣẹ́ á sì rà á fún un kí ó má baà pàdánù iṣẹ́ náà. Tuntun àti àwọn ògbólógbòó kì í kún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ògbólógbòó yóò máa tán ṣáájú rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí tuntun náà yóò fi di ọ̀kan nínú wọn. Ó le láti sọ èyí fún ẹni tí owó bátìrì kan ti ń jẹ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sọ ọ́ kò ṣe ti oníbàárà.

Ẹ̀bi náà kò wà lórí oníṣẹ́ nìkan. Bí wọ́n ṣe ń sanwó fún un ló ń kọ́ ọ ní ohun tó ń ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá kọjá ní ìsọ̀ ìyá tó ń ta ẹja dídì, tó sì sọ pé, “Mọ́mì, ó ti ju oṣù méjì lọ tí a ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀rọ yín o,” yóò gbọ́ pé, “Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti yọnu, mo máa pè ọ́.” Bó bá yọnu, yóò jẹ́ òru tí ẹja kún inú fíríìsà, ìyá náà yóò sì san iye tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá sọ, pẹ̀lú ọpẹ́. Ẹni tó bá wẹ eruku kúrò lára radiétọ̀, tó mú ìdè bátìrì le, tó da omi sí i, tó sì lọ, kò ní ohun tí yóò fi hàn: ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ni. Nítorí náà, orí páàtì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá èrè. Wọ́n ń lọ sí Ládípọ̀ tàbí Alábà ní Èkó, wọ́n ń ra èyí tí apá wọn ká, páńdà sì kún inú rẹ̀: fílítà tí bébà inú rẹ̀ ń ya, AVR tó wúwo níta tó fúyẹ́ nínú. Tòkunbọ̀ gidi, láti ara ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò ní Yúróòpù, máa ń sàn ju ọ̀pọ̀ tuntun lọ, àwọn mẹkáníìkì àgbà sì mọ èyí, ṣùgbọ́n oníbàárà fẹ́ rí páálí.

Àdéhùn ìtọ́jú tó bá ní láárí kò ní láti gùn. Ó yẹ kó sọ iye ìgbà tí oníṣẹ́ yóò wá lọ́dún, kó so ìgbà náà mọ́ wákàtí ìṣiṣẹ́ fún jẹnẹrétọ̀, kó sì ya owó wíwá sọ́tọ̀ kúrò lára owó páàtì, kí oníbàárà lè ra páàtì fúnra rẹ̀ bó bá fẹ́, kí páàtì àtijọ́ sì máa wà nílẹ̀ fún un láti rí. Ó yẹ kó sọ láàárín wákàtí mélòó ni oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Fún ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ọmọ tuntun, apá yìí ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ sì ni ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìkẹ́nnẹ́ fi ju ilé-iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ la gbogbo sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kọjá lọ. Mítà wákàtí tí kò wọ́n àti ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n so mọ́ ara ẹ̀rọ náà yóò yanjú ìdajì àríyànjiyàn. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò máa kọ ọjọ́, wákàtí, ohun tí wọ́n ṣe, iye fóòtì bátìrì kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Oníṣẹ́ mìíràn tó bá dé yóò ka ìwé yẹn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ti wáyà ilé àti bí wọ́n ṣe so ó mọ́ ìlà IBEDC yàtọ̀: àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NEMSA ló ń yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, tó sì ń fún oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí, ó sì yẹ kí oníbàárà béèrè ìwé náà kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so sólà mọ́ ilé òun.

Ohun tó tún ń yí ọjà náà padà ni bátìrì lithium. Kò fẹ́ omi, ó lè gba ṣájì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ẹyọ kan tó jẹ́ 51.2 fóòtì, 100 Ah, sì gba 5.12 kílówáàtì fún wákàtí kan, èyí tí wọ́n lè lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láìpa á lára. Ẹni tó rà á máa ń rò pé ìtọ́jú ti parí nìyẹn. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ dín kù, àmọ́ èyí tó kù ti di iṣẹ́ ètò: wọ́n gbọ́dọ̀ yí ìlànà ṣájì inú ínfátà kúrò ní ti òjé sí ti lithium, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tí pátákó kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì náà ń wí nígbà tó bá pa ara rẹ̀, nígbà mìíràn ẹni tó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ nìkan ló sì ní nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń wọ inú ètò náà. Bí ẹni náà bá ti kó lọ sí ìlú mìíràn, tí kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́, onílé ní ẹ̀rọ tó wọ́n gógó tí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò kò lè ṣí. Ó yẹ kí onílé gba nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ ní ọjọ́ tó bá san àṣẹ́kù owó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti páńẹ́lì, ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀: omi tó mọ́ àti aṣọ rírọ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí gíláàsì tó gbóná, tó fún un, ẹ̀ka igi tó sì ti dàgbà bo apá kan rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀ yẹ ní gígé.

Bí àwọn kan ṣe ń kúrò nídìí bátìrì òjé, òkú bátìrì ń pọ̀ sí i, ibi tí wọ́n ń lọ kò sì jìnnà sí wa. Ní Ògíjó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé láti inú bátìrì àlòkù pọ̀ sí, wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ní ọdún 2025, ìwádìí àwọn oníròyìn tí wọ́n fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe fi hàn pé òjé ti wọ ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gbé àti tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ibẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, títí kan àwọn ọmọdé, àwọn aláṣẹ sì ti díẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà pa lọ́dún yẹn. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Òfin àyíká ilẹ̀ wa fi ẹrù gbígba bátìrì àlòkù padà lé àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọlé lórí, ṣùgbọ́n onílé tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kì í rí ẹnì kankan nínú wọn. Ẹni tó ń rí ni ọlọ́mọlanke tó ń ra irin àlòkù, tó ń fi kílò ra bátìrì, tó sì lè da áṣíìdì inú rẹ̀ sí gọ́tà kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́. Iye tí kílò kan bá jẹ́ lọ́jọ́ náà ló ń pinnu ọ̀dọ̀ ẹni tí òkú bátìrì yóò lọ, oníṣẹ́ tó wá pààrọ̀ rẹ̀ ló sì sábà máa ń gbé e lọ, gẹ́gẹ́ bí apá kan owó iṣẹ́ rẹ̀.